Bàtà ìsáré tí iwájú rẹ̀ fẹ̀: èwo ni kí n rà?

Asáré Ìdájí: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ọdún kẹta nìyí tí mo ti ń sáré láàárọ̀ nílùú Ìbàdàn, kìlómítà márùn-ún sí mẹ́jọ. Láìpẹ́ yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ lásán sá lórí koríko pápá ilé-ìwé kan, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn púpọ̀ nítorí pé àwọn ìka ẹsẹ̀ mi ń tẹ́ bó ṣe wù wọ́n. Ṣùgbọ́n àfọ́kù ìgò pọ̀ lójú títì, n kò lè ṣe kí n má wọ bàtà níbẹ̀. Èyí tí mo ní jẹ́ nọ́ńbà 43, iwájú rẹ̀ sì rí ṣóńṣó débi pé èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì mi ti dúdú. Mo ra 44, gìgísẹ̀ mi ń yọ jáde, ìka sì há síbẹ̀. Bàtà ilé-iṣẹ́ Altra, Topo, Xero àti Vivobarefoot ni wọ́n ń dárúkọ fún mi. Kí ni kí n wò kí n tó náwó?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Gígùn ni nọ́ńbà bàtà ń sọ, kì í sọ bí iwájú ṣe rí. Kódà bàtà tí wọ́n kọ 2E tàbí 4E sí, ìyẹn àmì bàtà fífẹ̀, lè fẹ̀ láàárín kí orí rẹ̀ ṣì ṣóńṣó. Ẹ tẹ́ pépà sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ dúró lé e lórí, kí ẹlòmíràn sì fi pẹ́ńsù yí ẹsẹ̀ yín ká, nítorí pé bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ṣe é fúnra yín, ẹsẹ̀ á yí ìrísí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà, kí ẹ gbé e lé àwòrán náà. Kò yẹ kí ìka kankan yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì yẹ kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ ṣẹ́ kù níwájú ìka tó gùn jù. Nígbà tí mo yọ ti bàtà mi àtijọ́, mo rí i pé ààbọ̀ ojú ọmọńdinrín ẹsẹ̀ mi péré ló wà lórí ìtẹ́lẹ̀. Ara bàtà ló ń tẹ ààbọ̀ yòókù.

Ẹsẹ̀ Lásán: Ohun mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀: fífẹ̀ iwájú, bí gìgísẹ̀ ṣe ga ju iwájú lọ, àti bí ìsàlẹ̀ bàtà ṣe nípọn. Nínú ọ̀pọ̀ bàtà ìsáré, gìgísẹ̀ a máa fi mílímítà 8 sí 12 ga ju iwájú lọ. Gìgísẹ̀ àti iwájú dọ́gba nínú ọ̀pọ̀ jù lọ bàtà Altra, síbẹ̀ tìmùtìmù wà lábẹ́ wọn. Ti Xero àti Vivobarefoot dọ́gba bákan náà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ wọn fẹ́lẹ́. Topo, tí Tony Post dá sílẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò ní ilé-iṣẹ́ Vibram, a máa fẹ̀ níwájú, a sì máa di gìgísẹ̀ mú dáadáa; mílímítà 0, 3 tàbí 5 ló sábà máa ń fi ga. Pẹ̀lú bí gìgísẹ̀ yín ṣe ń yọ yẹn, òun ni èmi ìbá kọ́kọ́ dán wò.

Bàbá Arúgbó Asáré: Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ má fò lọ sórí bàtà fẹ́lẹ́. Bí gìgísẹ̀ bá ti wálẹ̀, iṣan ẹ̀yìn ojúgun àti èyí tó so mọ́ gìgísẹ̀ ló ń ru ẹrù náà. Ìtara mú mi sáré kìlómítà mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kejì. Eegun kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi sán, mo sì jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ máa wọ ti àtijọ́ ní àwọn ọjọ́ yòókù. Àwọn tó ń fi Abebe Bikila, asáré ọmọ Ethiopia, ṣàpẹẹrẹ, pé ẹsẹ̀ lásán ló fi gba ipò kìíní nínú eré Máratọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì ní Róòmù lọ́dún 1960, kì í sábà rántí pé ó wọ bàtà nígbà tó tún gbà á ní Tokyo lọ́dún 1964.

Asáré Ìdájí: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìyàwó mi bá mi fi pẹ́ńsù yí i ká lálẹ́ àná. Ìbú ẹsẹ̀ mi níbi ìka jẹ́ mílímítà 104, ìtẹ́lẹ̀ bàtà mi jẹ́ 93. Ẹsẹ̀ òsì sì fi mílímítà 4 gùn ju ọ̀tún lọ, abájọ tó fi jẹ́ èékánná òsì ló dúdú. Topo onímílímítà 3 ni màá wá, ẹsẹ̀ òsì ni màá sì fi wọ̀n ọ́n.