Kèké ni, kì í ṣe láìlétò: orúkọ fún áàpù tó ń yan ibi tí a ó ti jẹun ọ̀sán

Ẹ kú àkókò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń sọ bọ̀ láti ìgbà tí ẹnìkan ti béèrè pé kí la ó máa pe áàpù tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń yan ilé oúnjẹ lọ́sàn-án: ẹ kọ orúkọ ilé oúnjẹ bíi mẹ́fà sínú rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó mú ọ̀kan jáde, ẹ gbéra. Ìbéèrè yẹn kéré lójú, àmọ́ ìdáhùn ti di márùn-ún. Ẹnìkan ní láìlétò, ẹnìkan ní àìròtẹ́lẹ̀, ẹlòmíràn ní èèṣì, ẹ̀gbọ́n wa kan ní ìbò ni, àbúrò kan sì ní ká kúkú pè é ní tẹ́tẹ́ ká sinmi. Èmi náà fẹ́ dá sí i, torí ó jọ pé orúkọ la ń jà lé lórí nígbà tí a kò tíì fẹnu kò lórí ohun tí nǹkan náà ń ṣe gan-an.

Ẹ jẹ́ ká tètè mú àwọn tí kò ní pẹ́ kúrò nílẹ̀. Tẹ́tẹ́ kò ṣeé lò. Owó ló ń wà nínú tẹ́tẹ́, ẹnìkan á jẹ ẹ́, ẹnìkan á sì jẹ gbèsè. Níbi oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo wa la ó jẹ. Èèṣì náà kò bá a mu, nítorí èèyàn kì í mọ̀ọ́mọ̀ ṣèèṣì, ẹni tó tẹ bọ́tìnnì yẹn sì mọ ohun tó ń ṣe. Àìròtẹ́lẹ̀ sún mọ́ ọn díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ló wà níbẹ̀ tí a kò rò tẹ́lẹ̀? Àwa fúnra wa la kọ orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bó bá ṣe pé ilé oúnjẹ keje tí ẹnikẹ́ni kò kọ síbẹ̀ ni áàpù náà mú jáde, ìyẹn ni àìròtẹ́lẹ̀, a ó sì pe ẹni tó ṣe é pé kó wá wò ó.

Láìlétò ni mo fẹ́ jókòó tì, torí òun ló ti tàn kálẹ̀ jù. Àwọn ẹ̀rọ ìtumọ̀ ló ń gbé e kiri fún “random” ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ojú sì ti ń mọ́ wa lára pẹ̀lú rẹ̀. Mo kọ̀ ọ́ pátápátá. Àkọ́kọ́, èébú ni. Bí a bá pe èèyàn ní aláìlétò, a kò yìn ín. Yàrá tí kò létò, ìpàdé tí kò létò, ohun tó bàjẹ́ ni. Èkejì, tó sì burú jù, irọ́ ni. Kò sí ohun tó létò tó iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì yẹn.

Ẹ wo Python, èdè tí ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé fi ń kọ irú áàpù kékeré báyìí. Ìlànà tó ń lò láti mú nọ́ńbà jáde ni Mersenne Twister, tí Makoto Matsumoto àti Takuji Nishimura gbé jáde ní 1998. Ìṣirò ni láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ ó fún un ní nọ́ńbà kan láti fi bẹ̀rẹ̀ (àwọn kan ń pè é ní irúgbìn, mo sì gbà fún wọn), láti ibẹ̀ ni yóò ti máa bí èyí tó kàn. Bí ẹ bá fi irúgbìn kan náà bẹ̀rẹ̀ lónìí àti lọ́la, ilé oúnjẹ kan náà ni yóò mú ní ìgbà méjèèjì, kò ní yẹ̀. Kí àwọn nọ́ńbà náà tó yí po padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó ka nọ́ńbà tí iye rẹ̀ fi 1 dín sí 2 tí a sọ di púpọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà 19,937. Ṣé ohun tó rí bẹ́ẹ̀ la fẹ́ pè ní aláìlétò?

Ẹnìkan lè sọ pé ìkànnì kan wà tí kì í ṣe ìṣirò. Òótọ́ ni. Láti 1998 ni random.org ti ń fi ariwo tí rédíò ń gbọ́ láti ojú sánmà mú nọ́ńbà jáde. Àmọ́ kì í ṣe nítorí ariwo náà la ṣe ń lọ síbẹ̀. Ohun tí a ń wá ni pé kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní kan náà, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má sì sí níbẹ̀. Ariwo lásán kò tó fún ìyẹn, ó nílò ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Àìtọ́jú gan-an ló máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ní òpin 2009, Microsoft gbà fún àjọ European Commission pé àwọn tó ń lo Windows ní ilẹ̀ Yúróòpù yóò máa rí ojú ewé kan tí wọ́n á ti yan ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi máa wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Márùn-ún tó gbajúmọ̀ jù ni yóò wà níwájú, ipò wọn yóò sì máa yí padà kí ẹnikẹ́ni má bàa ní àǹfààní ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí kọ̀ǹpútà máa to orúkọ márùn-ún náà bí a ṣe ń to orúkọ ọmọ kíláàsì, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi méjì wéra pé èwo ló yẹ kó ṣáájú, kó kàn mú ọ̀kan láìwo ohunkóhun. Lójú, ó dà bíi pé ó ti dọ́gba. Ìgbà tí àwọn èèyàn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé lójú ẹni tó bá fi Internet Explorer, ẹ̀rọ ti Microsoft fúnra rẹ̀, ṣí i, Internet Explorer fúnra rẹ̀ ni ó máa ń bọ́ sí ipò karùn-ún ní nǹkan bí ìdajì gbogbo ìgbà, nígbà tó yẹ kó jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Microsoft ń ṣojúsàájú, torí ọmọ tiwọn ni wọ́n gbé sẹ́yìn! Ìlànà tó dára ti wà nílẹ̀ láti 1938, ti Ronald Fisher àti Frank Yates: mú ọ̀kan, yọ ọ́ sọ́tọ̀, mú òmíràn nínú àwọn tó kù, títí yóò fi tán. Ìlànà, ẹ gbọ́. Ètò ni.

Kò sì di ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá dá sí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1969, wọ́n fi ọjọ́ ìbí yan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n máa kó wọ iṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi ọjọ́ 366 sínú ike kéékèèké, wọ́n kó wọn sínú ìgò, ṣùgbọ́n wọn kò pò wọ́n dáadáa, oṣù lóṣù ni wọ́n sì ti kó wọn wọlé. Àwọn ọjọ́ tó wà ní òpin ọdún ló wá ń tètè jáde. Ohun tí kò létò nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ti kùnà.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí a ń wá gbọ́dọ̀ sọ nǹkan méjì: pé gbogbo wọn dọ́gba, àti pé kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn sì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Ìbò tí ẹ̀gbọ́n wa dábàá tọ̀nà láti ìpilẹ̀, àti awo àti Bíbélì ló ń lò ó, mo sì fẹ́ràn bí a ṣe ń sọ pé ìbò mú lágbájá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òṣèlú ti gba ìbò lọ́wọ́ wa. Bí mo bá dìde ní ọ́fíìsì tí mo ní “ẹ jẹ́ ká dìbò ibi tí a ó ti jẹun”, ọwọ́ ni gbogbo èèyàn máa nà sókè. Èrò tó pọ̀ jù ni yóò borí, ẹni tó sì lẹ́nu jù ni yóò darí wọn. Ohun tí a torí rẹ̀ ṣe áàpù náà nìyẹn, pé ká má baà ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kèké ni mo mú wá. A ń ṣẹ́ kèké, kèké a sì mú ẹnìkan. A kì í fi kèké gbé ààrẹ wọlé lọ́dọ̀ wa, nítorí náà kò lè dàrú mọ́ ìdìbò. Áàpù náà yóò jẹ́ aṣẹ́kèké. Ẹni tó bá ń ṣẹ́ ẹ lè sọ pé “kèké mú ibi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfowópamọ́”, gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá á sì mọ̀ pé kì í ṣe òun ló yàn án. Láìlétò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. “A yàn án láìlétò” ṣì fi yíyàn sí ọwọ́ wa, ó wá tún sọ pé a ò yàn án dáadáa.

Wọ́n á ní kèké ti di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ ká gbà á padà nígbà náà. Àtakò tó lágbára ju ìyẹn ni ti àmì ohùn. Lórí fóònù, níbi tí ọ̀pọ̀ wa kì í ti fi àmì sí ọ̀rọ̀, kèké àti kẹ̀kẹ́ á di nǹkan kan náà, pàápàá fún irú áàpù tó máa ń yí bíi kẹ̀kẹ́ lójú wa kó tó dúró. Ẹnìkan ti dábàá “kẹ̀kẹ́ kèké” fún ìyẹn. Ẹ yọ àmì rẹ̀ kúrò, kí ẹ wò ó: keke keke. Ó dà bí ẹni tó ń sáré tẹ̀ lé oníkẹ̀kẹ́. Gègé, tó jẹ́ ìbejì kèké, kò sàn jù, torí ẹni tí kò rí àmì lè kà á sí gẹ̀gẹ̀ ọrùn. Fún èyí tó ń yí yẹn, èmi á ní ayíbírí, torí ó ń yí bírí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ayíbírí pe gbogbo rẹ̀ o. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kí nǹkan náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ni kọ̀ǹpútà ti mú ibi tí yóò dúró sí. Yíyí náà kàn jẹ́ ọ̀ṣọ́ ojú.

Ọ̀rọ̀ kejì kan wà tí a nílò ju èkíní lọ, n kò sì rí ẹni tó mẹ́nu bà á. Ẹ̀sùn tí àwọn èèyàn máa ń fi kan áàpù yìí ni pé “kì í ṣe òótọ́ ló ń ṣẹ́, ibi tó mú lánàá náà ló tún mú”. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé oúnjẹ 6 ni, ọjọ́ iṣẹ́ 5. Kèké òní kò mọ ohun tí kèké àná mú, nítorí náà àǹfààní pé yóò tún un mú jẹ́ 1 nínú 6 lójoojúmọ́. Bí ẹ bá gbé e lé ọ̀sẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 52 nínú 100 ni ẹ ó ti jẹun níbi kan náà fún ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ márààrún yóò bọ́ sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò ju nǹkan bíi 9 nínú 100 lọ. Áàpù tó bá ń tún ibi kan mú ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá tún un mú rí ló yẹ kí ẹ fura sí.

Apple náà kojú irú ẹ̀sùn yìí nípa orin. Àwọn èèyàn ń ráhùn pé orin akọrin kan náà ń tẹ̀ léra, pé ẹ̀rọ ti fẹ́ràn akọrin yẹn jù. Ní 2005 wọ́n fi ohun kan sí iTunes, áàpù orin wọn, tó ń jẹ́ kí èèyàn dín bí ó ṣe ń tẹ̀ léra kù. Ká sọ òótọ́, wọ́n mú un kúrò ní kèké díẹ̀ kó lè jọ kèké lójú wa.

Ohun tí àwọn tó ń ráhùn ń wá, kárí ni. Kó kárí. Nítorí náà mo dábàá pé kí kèké jẹ́ oríṣi méjì. Kèké adápadà ni èyí tí a ń dá orúkọ padà sínú àpò lẹ́yìn tí a bá mú un. Kèké akárí ni èyí tí a ń yọ orúkọ kúrò títí gbogbo wọn yóò fi kárí, kí a tó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Akárí kì í jẹ́ kí ibi kan jáde lẹ́ẹ̀mejì kó tó kan àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù tirẹ̀: bí ó bá ti ku ẹyọ kan, gbogbo èèyàn ti mọ ibi tí a ń lọ, kò sí ìdí láti tẹ bọ́tìnnì. Bí ọ̀rẹ́ ọ́fíìsì bá ti mọ orúkọ méjèèjì, èèyàn lè béèrè pé “adápadà ni àbí akárí?” kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ìjà á dín kù.

Ó ku ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnnì. “Ṣẹ́ ẹ” tó fún èyí tó ń bẹ̀rẹ̀, kí èsì rẹ̀ sì jáde pé “Kèké mú” pẹ̀lú orúkọ ibẹ̀. “Tún un ṣẹ́” ni mo ń ṣiyèméjì lé lórí. Bí gbogbo yín bá kọ ibi kan tí ẹ sì tún un ṣẹ́ títí òmíràn fi jáde, kò sí èrú níbẹ̀: ó dọ́gba pẹ̀lú pé ẹ ti yọ ibẹ̀ kúrò láti ìbẹ̀rẹ̀, márùn-ún tó kù sì ní 1 nínú 5 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ bí ẹnìkan ṣoṣo bá lè máa tẹ̀ ẹ́ títí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fi jáde, kò sí kèké mọ́, alágídí ló ń yan oúnjẹ fún gbogbo yín. Èmi á kọ “A kọ̀ ọ́” sórí bọ́tìnnì yẹn dípò “Tún un ṣẹ́”, kí ó hàn pé gbogbo wa ló gbọ́dọ̀ fẹnu sí i. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ kó mú un wá, ojú fóònù kò fẹ̀.