Oúnjẹ alẹ́ wa nílé oúnjẹ ìdílé kan ní Ferrara

Ẹ kú ìtàn o, ẹ̀yin ará. Àwọn tó ṣáájú mi ti sọ ti oúnjẹ tí wọ́n jẹ nílé oúnjẹ ní Róòmù àti Milan, ní Ítálì. Ferrara ni tèmi, ìlú kékeré kan lápá àríwá Ítálì tí odi àtijọ́ tó yí i ká gùn tó kìlómítà 9. Àbúrò mi obìnrin ń kàwé ní yunifásítì ibẹ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1391, òun ló mú mi lọ sílé oúnjẹ kan tí ìdílé kan ń ṣe níbẹ̀.

Bàbá ìdílé náà ló ń gba àlejò, ọmọ rẹ̀ ń gbé oúnjẹ, màmá wà ní ìdí iná. A tètè dé, mo sì ń wo màmá náà láti orí ìjókòó mi. Igi gígùn kan ló fi ń tẹ́ fúláwà tí wọ́n fi ẹyin pò, ó tẹ́ ẹ títí ó fi fẹ́lẹ́ bí aṣọ àlà. Ó gé e, ó bu elégédé tí wọ́n ti fi wàràkàṣì pò sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi ìka so etí rẹ̀ pọ̀. Cappellacci ni wọ́n ń pè é. Bọ́tà yíyọ́ àti sage, ewé olóòórùn dídùn kan, nìkan ló bá a wá. Adùn elégédé ló kọ́kọ́ ń kan èèyàn lẹ́nu, kí iyọ̀ wàràkàṣì tó tẹ̀ lé e. Ẹ má wá ata níbẹ̀ o! Mi ò sì wá a, ó dùn kọjá bẹ́ẹ̀.

Àwo ẹran kì í bá a wá, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá jẹ tàkọ́kọ́ tán. Salama da sugo ni wọ́n gbé fún wa, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi wáìnì pò, tí wọ́n sè pẹ́, lórí pòtétò gígún. Iyọ̀ rẹ̀ le, díẹ̀ ti tó èèyàn.

Àbúrò mi ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú àwo. Kíá, màmá ti jáde, ó ń nu ọwọ́ sára épírọ́ọ̀nù, ó ní ṣé kò dùn ni? Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ àfi ìgbà tí àbúrò mi jẹ ẹ́ tán. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn gan-an.

Tẹ́ ẹ bá rí coperto nínú bíìlì, wọn ò rẹ́ yín jẹ. Owó ìjókòó àti búrẹ́dì ni, orí kọ̀ọ̀kan ló ń san án. Ẹ má lọ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti pa iná. Tó bá jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Sunday, ẹ pè wọ́n ṣáájú, torí àwọn ìdílé ìlú náà fúnra wọn ló máa ń kún ibẹ̀.