Òkè tí ọ̀dà jẹ: bí a ṣe ń ṣe pápá ogun orí tábìlì láyé ìjọ́un

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lónìí, òkè, igi àti ilé kéékèèké fún eré ogun orí tábìlì, tí a ń fi sójà kékeré ṣe, wà lọ́jà, owó ẹni ni yóò sọ. Lọ́dún 1986 tí mo wà lọ́mọ ọdún 14 ní Peckham, ní London, owó wa kì í kọjá sójà oníke Airfix. Fóòmù pẹlẹbẹ tí àwọn Òyìnbó máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ilé nígbà náà la fi ń ṣe òkè. A ó gé ọ̀kan fẹ̀, a ó gé èkejì kéré sí i, a ó tò wọ́n léra bí àtẹ̀gùn kí sójà lè rí ibi dúró.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gé òkè mi àkọ́kọ́. Mo wá ra ọ̀dà alágolo tí wọ́n fi ń fín ọkọ̀, mo fín in sí i. Ojú mi báyìí ni òkè náà ń súnkì, tó ń dá ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Omijé bọ́ lójú mi. Bàbá Òyìnbó kan tó máa ń bá wa ṣeré ní Sátidé ló là mí lóye pé kẹ́míkà inú ọ̀dà yẹn ló ń yọ́ fóòmù. Ó ní kí n fi gọ́ọ̀mù funfun, PVA, bò ó lára ná, kí n wá fi ọ̀dà ògiri olómi kùn ún.

Òun náà ló kọ́ mi ní koríko ṣíṣe. Ìyẹ̀fun pákó ni, a ó pò ó mọ́ ọ̀dà aláwọ̀ ewé, a ó sá a sórí ìwé ìròyìn. Bí gọ́ọ̀mù bá ṣì tutù lára òkè, a ó wọ́n ọn sí i bí ẹni wọ́n iyọ̀ sẹ́ja.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrántí! Lichen ni igbó tèmi, ohun rírọ̀ bí ewéko tí ṣọ́ọ̀bù rélùwéè ìṣeré ń tà nínú ọ̀rá. Bó bá ti gbẹ jù, ó di rírún nìyẹn. Ewé tíì tí a ti mu, tí mo sá gbẹ, ló máa ń wà nílẹ̀ abẹ́ igi.

Àmọ́ òrùlé ilé abúlé kékeré tí mo ṣe ni mo fẹ́ràn jù. Màmá mi kó kànìnkànìn bọ̀ láti Ọ̀yọ́, mo yọ ọ̀kan níbẹ̀. Mo gé e ní ìwọ̀n oríkèé ìka, mo ń lẹ̀ ẹ́ ní ìpele ìpele mọ́ páálí Corn Flakes, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

—

Kànìnkànìn kẹ̀! Ṣé ẹ kùn ún lọ́dà ni?

—

Rárá o, àwọ̀ rẹ̀ ti tó. Ìbáwí ni mo ń retí nígbà tí màmá mi rí i. Wọ́n gbé ilé náà sókè, wọ́n fọwọ́ ra òrùlé rẹ̀, wọ́n ní, "Bẹẹrẹ rèé."