Ta ló ti gbìyànjú láti sọ ọkọ̀ ojú irin kátúùnù di ọkọ̀ gidi rí? Ẹ wá sọ tiyín

Bàbá Àlíyù, Àjàṣẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, fẹ́ràn Thomas, ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó ní ojú tó ní ẹnu yẹn. Lọ́jọ́ kan ló bi mí pé bàbá, ṣé irú ẹ̀ wà lóòótọ́, mo ní ó wà, ó ní kí n fi han òun. Bí mo ṣe ṣí Blender nìyẹn, ohun tí wọ́n fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, mo ní màá sọ ọ́ di ọkọ̀ gidi tó ń fi èédú àti omi ṣiṣẹ́. Mo rò pé tí mo bá ti yọ ojú, ó parí. Kò parí rárá! Nígbà tí mo yọ ojú tán, ńṣe ni iwájú ọkọ̀ dà bí ìkòkò tí wọ́n ṣí ọmọrí ẹ̀, mi ò mọ ohun tó yẹ kí n fi síbẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń yí lásán, kò sí nǹkan tó ń tì wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá sọ bó ṣe lọ, mo fẹ́ kó dáa kí n tó fi han ọmọ yẹn.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀
Ilẹ̀kùn ló yẹ kó wà níbẹ̀, bàbá. Ibi tí wọ́n ya ojú sí yẹn, ilé èéfín ni lára ọkọ̀ gidi. Ilẹ̀kùn irin roboto ni, ó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan bíi ti fèrèsé, ó ní ọwọ́ láàárín tí wọ́n ń yí kó lè dé pinpin. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣí tí wọ́n bá fẹ́ kó eérú jáde. Èmi náà ya tèmi lọ́dún kejì sẹ́yìn, ilẹ̀kùn yẹn ni mo kọ́kọ́ yà torí òun ló rọrùn jù, ẹsẹ̀ ló pa mí.

Tíṣà Fárànsé
Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ yọ ojú ẹ̀? Ojú yẹn lọmọ fẹ́ràn.

Alábi Mẹkaníìkì
@Tíṣà ọmọ ló ní kí wọ́n fi èyí tó jẹ́ òótọ́ han òun. Ẹ ka ohun tí bàbá kọ.

Bàbá Àlíyù, ẹ má wo Thomas mọ́, ẹ wo ẹni tí wọ́n wò kí wọ́n tó yà á. Ní Ìlú Ọba wọ́n ní ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní E2, 10 péré ni wọ́n ṣe, ní Brighton, láàárín 1913 sí 1916. Márùn-ún àkọ́kọ́, àgbá omi ẹ̀gbẹ́ wọn kúrú, márùn-ún ìkẹyìn tiwọn gùn. Àpótí tẹ́ ẹ̀ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Thomas yẹn, omi ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọkọ̀ tó ń gbé omi àti èédú ẹ̀ fúnra ẹ̀ ni, kò ní kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn tó ń bá a gbé e. Tẹ́ ẹ bá mọ èyí, ẹ ti mọ ìdí tó fi sanra báyẹn.

Bàbá Àlíyù, Àjàṣẹ́
Háà! Omi! Èmi ti fi ààyè ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. E2 yẹn dà báyìí, ṣé a lè rí fọ́tò tuntun?

Alábi Mẹkaníìkì
Kò sí. Nígbà tó fi máa di 1963 wọ́n ti mú gbogbo wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò fi ẹyọ kan pa mọ́. Fọ́tò àtijọ́ ló kù. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ Wàńdó
Gbogbo 10??? Ọlọ́run ò.

Agbẹ́gilére Kétu
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ o. Igi ni mò ń gbẹ́. Wọ́n ní kí n gbẹ́ ọkọ̀ ojú irin sórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan, ẹ mọ̀ pé ojú obìnrin máa wà nísàlẹ̀, a ó wá gbé ohun tá a bá fẹ́ sórí ẹ̀, mo ti gbẹ́ ọ̀kadà rí, mo ti gbẹ́ ẹyẹ àti ejò. Nínú fóònù ọmọ àbúrò mi ni mo ti wo ọkọ̀ ojú irin kátúùnù, mo gbẹ́ ẹ, mo kùn ún, ó dán. Mo gbé e lọ fún ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ kó wò ó. Ìyá yìí yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní "ọkọ̀ yìí ò lè lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò mọ ara wọn." Mo dákẹ́. Lóòótọ́ ni, mo gbẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́fà, ìkọ̀ọ̀kan dá dúró. Lọ́jọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣábẹ̀, mo lọ dúró lẹ́bàá ojú irin, bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí fi igi yàwòrán fún mi nílẹ̀: ọ̀pá irin kan ló gba ara gbogbo ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan kọjá, bí ọ̀kan bá yí, gbogbo wọn á yí. Mo padà wálé, mo gé gbogbo ẹsẹ̀ yẹn kúrò, mo tún un gbẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n gbé e jó, ìyá yẹn ò sọ nǹkan kan, ó kàn na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ Wàńdó
Ara mi bù máṣọ. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò mọ ara wọn." Ìyá yẹn gbọ́n jù.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀
Bàbá agbẹ́gilére, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá sí ìlú wa. Ohun tó pa èmi náà nìyẹn, àmọ́ ó kù díẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀tún àti òsì kì í wà ní ipò kan náà. Tí ọ̀pá ọ̀tún bá wà lókè, ti òsì máa wà níwájú tàbí lẹ́yìn, ìdá mẹ́rin yíyí ni wọ́n fi yàtọ̀.

Sùlé 229
Kí ló dé tí kì í ṣe ìdajì, bíi pẹ́dáàlì kẹ̀kẹ́? Ẹsẹ̀ kan lókè ìkejì nísàlẹ̀.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀
Ẹ gun kẹ̀kẹ́, ẹ dúró nígbà tí pẹ́dáàlì kan wà lókè gangan tí ìkejì wà nísàlẹ̀ gangan, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ tààrà. Kò ní lọ. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ kó tó gbéra. Ọkọ̀ ojú irin ò ní ẹsẹ̀ tó máa fi ti ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìdá mẹ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ kan bá dúró, èkejì lágbára láti tì.

Sùlé 229
Ó yé mi. Ó yé mi gan-an.

Màmá Gáà
Ẹ̀yin ọmọ mi ẹ kú iṣẹ́. Ìyá mi ta àkàrà ní gáà Àjàṣẹ́, ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ tó ń lọ sí Pobè ló máa ń dúró dè. Ó sọ fún wa pé òun ò wo aago, etí lòun fi ń mọ̀, tó bá ń dún fùú-fùú-fùú-fùú tí ó ń falẹ̀, kóun bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkàrà sínú ewé. Bàbá Àlíyù, ẹ fi ohùn sí i.

Tíṣà Fárànsé
Màmá, ẹ má bínú, ṣé kì í ṣe ọkọ̀ tó ń lo gáàsíọ́ọ̀lù, epo dísù, ni wọ́n gbọ́? Ìyẹn kì í dún fùú-fùú, ńṣe ló ń kùn.

Màmá Gáà
Ìyá mi ló ṣòwò níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Fùú ni.

Alábi Mẹkaníìkì
Màmá gbà á. Ooru omi tó ti ti pístọ́ọ̀nù, irin tó ń ti ọ̀pá ẹsẹ̀, tán ló ń gba ọ̀pá èéfín jáde, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó ń ṣe é tí ẹsẹ̀ bá yí ẹ̀ẹ̀kan, tọ́kọ̀ bá ní pístọ́ọ̀nù méjì. Ooru yẹn ló sì ń fa afẹ́fẹ́ gba inú iná kọjá, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré sí i ni iná ń jó sí i. Alágbẹ̀dẹ tó ń fín ẹwìrì ara ẹ̀ ni. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn ju gbogbo ẹ̀rọ lọ nìyẹn.

Tíṣà Fárànsé
Ó dáa, mo gbà. Màmá, ẹ má bínú.

Sùlé 229
Èéfín wá ńkọ́, dúdú àbí funfun? Bàbá Àlíyù ya funfun.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀
Méjèèjì. Funfun jẹ́ ooru omi, dúdú jẹ́ èédú tí kò jó tán. Ẹni tó mọ iná dá kì í jẹ́ kó dúdú jù.

Agbẹ́gilére Kétu
Bí ìyàwó ilé tó mọ àdògán lò.

Alábi Mẹkaníìkì
Nǹkan kan tún wà. Bàbá Àlíyù, nínú àwòrán tẹ́ ẹ gbé síbí, ẹ gbé ọkọ̀ yẹn sórí irin tiwa, mo rí òkè Ṣábẹ̀ lẹ́yìn. Kò lè jókòó síbẹ̀. Irin tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, láti Kútọnu dé Párákú, kìlómítà 438, mítà 1 ló fẹ̀. Ti Ìlú Ọba jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 143.5. Ẹsẹ̀ ẹ̀ máa já sí ìta.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ Wàńdó
Ẹ jẹ́ kó wà ní Ṣábẹ̀ jàre, àwòrán ọmọdé ni.

Alábi Mẹkaníìkì
Ọmọ yẹn ní òun fẹ́ òótọ́ o, màmá.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀
Ẹ má yọ òkè wa kúrò. Ẹ kàn fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn pọ̀.

Bàbá Àlíyù, Àjàṣẹ́
Mo ti ṣe é. Ilẹ̀kùn ilé èéfín, àgbá omi, ọ̀pá ẹsẹ̀, ìdá mẹ́rin, mítà 1, òkè Ṣábẹ̀ wà níbẹ̀. Mo fi han ọmọ yìí lálẹ́ àná. Ó wò ó, ó wò ó. Mo ń retí kó bèèrè ojú. Kò bèèrè. Ó fi ìka tọ ọ̀pá ẹsẹ̀, ó ní kí n tún jẹ́ kó yí, mo jẹ́ kó yí, ó ní kí n rọra ṣe é kóun lè rí i, a wà níbẹ̀ títí ìyá ẹ̀ fi ní oúnjẹ ti tutù.

Màmá Gáà
Ohùn ẹ̀ ńkọ́?

Bàbá Àlíyù, Àjàṣẹ́
Mò ń ṣe é lọ́wọ́, màmá. Mẹ́rin mẹ́rin.