Ṣé kí n kàn ṣa ede kúrò nínú ìkọ́kọrẹ́ àlejò tí ede kì í bá lára mu?

AlásèÌtòrò:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Oúnjẹ Ojúde Ọba ni mo gbà, ìkọ́kọrẹ́ sì ni olórí rẹ̀. Oníbàárà mi ní àlejò mẹ́ta wà tí ede kì í bá lára mu: ètè àwọn méjì máa ń wú, ẹnì kẹta a sì máa mí fíìfíì. Bí mo bá ṣa ede kúrò nínú abọ́ tiwọn, ṣé ó tó? Ṣé kí n yọ ẹja náà kúrò? Piriton, oògùn àlẹ́jì, wà lọ́wọ́. Ṣé kò ní sí wàhálà? Ẹnì kan tilẹ̀ ní ọ̀kan náà ni àìsàn yìí àti lupus.

Nọ́ọ̀sìṢágámù:
Ìyá Alásè, ṣíṣà kò tó rárá. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní tropomyosin ló ń bá wọn jà nínú ede, iná kì í sì í pa á. Bí ede bá ti wọ ọbẹ̀, ó ti yòrò, ewùrà sì ti fà á mu. Ooru tó ń rú lára ìkòkò pàápàá lè mú àyà ẹlòmíràn há.

Ìkòkò tiwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ sè, kí ẹ tó tú àpò ede. Ìgbakọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwo lọ́tọ̀. Ata gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ alásè kì í rántí: ẹ̀rọ tó lọ tiyín lọ́jà Òkè-Ajé lè ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ede ẹlòmíràn tán ni. Ata tútù tí ẹ lọ nílé ni kí ẹ fi ṣe tiwọn. Ẹ ka ara páálí magí, torí èyí tó ní adùn ede wà. Òróró tó ti dín akàn, ẹ má fi dín ẹran wọn.

Ẹja kì í ṣe ẹbí ede. Ẹni tó bá ti ń jẹ pańla láìsí wàhálà lè máa jẹ ẹ́ lọ, àfi èyí tí wọ́n pàtẹ mọ́ ede lórí àtẹ kan náà. Akàn, ẹbí ede ni. Ìgbín, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó bù ú.

Lupus, ọ̀tọ̀ ni. Nínú àlẹ́jì, ọmọ ogun ara ń bá àlejò tí kò ṣe nǹkan kan jà. Nínú lupus, ó kọjú ìjà sí onílé: oríkèé, awọ ara, kíndìnrín. Àlẹ́jì oúnjẹ irú èyí sábà máa ń dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì. Oṣù àti ọdún ni lupus ń bá ènìyàn fà, oògùn bíi hydroxychloroquine ni wọ́n sì ń lò sí i.

ApòògùnÌpẹru:
Ara yíyún ni Piriton ń pa. Kò lè ṣí ọ̀fun tó ń dí, kò sì lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó já wálẹ̀ sókè. Ẹni tó ń mí fíìfíì, tí ohùn rẹ̀ há, tàbí tí òòyì ń kọ́ lẹ́yìn tó jẹ ede, abẹ́rẹ́ adrẹnalíìnì ni tirẹ̀: 0.5 mg fún àgbàlagbà, ìyẹn ìdajì ìgò 1 mg/mL, sínú ẹran ẹ̀gbẹ́ itan. Ọmọ ọdún 6 sí 12, 0.3 mg. Bí kò bá rọ̀ ní ìṣẹ́jú 5, wọn a tún un gún. Kì í ṣe inú iṣan ẹ̀jẹ̀ o. Ìyẹn lè da ọkàn rú. Ẹ ní kí oníbàárà yín fi owó DJ kejì gba nọ́ọ̀sì tó ní in lọ́wọ́.

Kó dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè; bí èémí bá ṣòro, kó jókòó, kó na ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dìde rìn lọ sínú ọkọ̀, ẹ gbé e ni: ìdìde òjijì ti pa irú wọn rí. Epo pupa tí wọ́n máa ń dà sẹ́nu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ó lè gba inú ọ̀fun tó wú lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Nílé ìwòsàn, kí wọ́n ṣọ́ ọ fún wákàtí 6 ó kéré tán, torí ó lè padà dé lẹ́yìn tó ti rọlẹ̀.

DókítàRẹ́mọ:
Ẹ bi àwọn méjì tí ètè wọn ń wú bóyá wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril tàbí ramipril. Òun náà a máa mú ètè àti ahọ́n wú, láìsí ara yíyún, ó sì ń ṣe àwa aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún tí ènìyàn ti ń lò ó ni yóò tó yọjú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ede. Piriton àti adrẹnalíìnì kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Kí dókítà wọn pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n má sì padà sí ẹbí «-pril» mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò orí awọ láti mọ̀ bóyá ede ni, kó dá Piriton àti irú rẹ̀ bíi cetirizine dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyẹ̀wò á sọ pé kò sí nǹkan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò ní wàhálà yẹn.

AlásèÌtòrò:
Mo dúpẹ́ o. Ìkòkò tí a ti fi se ede tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sìṢágámù:
Ọṣẹ, omi gbígbóná àti kànrìnkàn tuntun. Ṣíṣàn án lásán kò tó.