Àtúnṣe wáyà iná lẹ́yìn ìjì: kí la fi ń mọ iṣẹ́ tó péye?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ iná. Ìjì já wáyà àdúgbò wa, àwọn òṣìṣẹ́ sì dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fi ègé wáyà bàbà so wáyà alumíníọ̀mù tó já, wọ́n fi píláyà lọ́ ọ pọ̀, wọ́n gbé òpó tó dà nílẹ̀, wọ́n wọ́ iyẹ̀pẹ̀ sí ìdí rẹ̀, iná sì dé kí wákàtí kan tó pé. Inú wa dùn, àmọ́ ní báyìí, bí òjò bá ti ń rọ̀ ni iná ń ṣẹ́jú, òpó náà sì ti ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣé irú iṣẹ́ báyìí bá ìlànà mu? Kí ni èmi tí n kì í ṣe oníṣẹ́ iná lè wò láti ilẹ̀?

Ìdáhùn kìíní
Kò bá ìlànà mu rárá, ibi tí wọ́n ti so wáyà yẹn ni kí ẹ sì kọ́kọ́ fura sí. Bí bàbà àti alumíníọ̀mù bá fara kanra tí omi sì ń dé ibẹ̀, alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹrà. Ìyẹ̀fun funfun yóò bò ó, iná kò ní ráyè kọjá dáadáa mọ́, ojú ibẹ̀ yóò sì máa gbóná títí yóò fi tún já. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ yóò fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha orí wáyà títí yóò fi dán, yóò fi gíríìsì tí wọ́n ṣe fún un pa á lójú ẹsẹ̀ kí atẹ́gùn má tún bà á jẹ́, yóò ki orí méjèèjì bọ inú ìbọ̀ alumíníọ̀mù, ìyẹn ọ̀pá kékeré oníhò tó bá ìwọ̀n wọn mu, yóò wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ ní iye ìgbà tí àwọn tó ṣe é là kalẹ̀. Láti ilẹ̀, ìbọ̀ tó gún régé, tí ojú ibi tí wọ́n tẹ̀ sì tò lẹ́sẹẹsẹ, ni ẹ ó rí. Wáyà tó lọ́ mọ́ra bí okùn ewúrẹ́ kì í ṣe àtúnṣe.

Ìdáhùn kejì
Ti òpó ńkọ́? Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń lò ni ìdá kan nínú mẹ́wàá gígùn òpó, kí a fi sẹ̀ǹtímítà 60 kún un, nítorí náà òpó mítà 12 yóò wọlẹ̀ tó mítà 1.8, yóò sì jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń da iyẹ̀pẹ̀ padà, a ó sì máa gún ìpele kọ̀ọ̀kan kó le kí a tó da òmíràn lé e. Wíwọ́ ni wọ́n wọ́ ti yín.

Ìdáhùn kẹta
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n bí ìjì bá ba ibi púpọ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àtúnṣe onígbà díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ tí wọ́n sì padà wá parí rẹ̀. Ohun tí kánjúkánjú kò gbọ́dọ̀ mú kúrò ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ wáyà wò pé kò sí iná lára rẹ̀, kí wọ́n sì fi wáyà so ó mọ́ ilẹ̀, kí iná tó bá ṣèèṣì dé lè wọlẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Jẹnẹrétọ̀ ilé kan ṣoṣo tí wọn kò yà kúrò lára wáyà ìta lè ti iná gba inú tiransifọ́mà padà sẹ́yìn, kó sì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòlítì lọ́wọ́ ẹni tó wà lókè òpó.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán wò ó: lílọ́ ni wọ́n lọ́ ọ, kò sí ìbọ̀ kankan níbẹ̀. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀ àti ti ìdí òpó, mo sì ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n padà wá.