X-Bow ní TH10: ṣé sókè ni kí n yí i sí àbí kí n fi í sílẹ̀?

Kékeré_Awo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà nídìí Clash of Clans, géèmù tá a ti ń kọ́ ìlú tá a sì ń kógun ja ara wa. Ẹ dákun ẹ gbà mí lọ́wọ́ dírágónì.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ TH10 (Town Hall ìpele kẹwàá, ilé ńlá tó ń fi ibi téèyàn dé hàn) ni, kò tíì pé oṣù méjì, mi ò sì kánjú wọ̀ ọ́ o, gbogbo iṣẹ́ TH9 ni mo parí pátá títí kan ògiri. Mo wá kọ́ X-Bow (ẹ̀rọ tó ń ta ọfà) ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo kọ́ Inferno (ilé ìṣọ́ tó ń yọ iná) méjèèjì, mo ní ó parí, ẹni tó bá wọlé mi báyìí jíjó ló máa jóná. Àṣé ara mi ni mò ń tàn. Àárọ̀ mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, bí mo bá ṣe tan dátà báyìí ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo máa ń bá (wọ́n ti wó gbogbo ilé mi nìyẹn), dírágónì ni gbogbo ẹ̀, wọ́n á kó gold, wọ́n á kó elixir, wọ́n á tún kó elixir dúdú tí mò ń tọ́jú fún Queen (Archer Queen, akọni mi).

Sẹ́tìn ló dà mí láàmú. Ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́ mi ní géèmù yìí ní kí n fi X-Bow mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ilẹ̀ (kó máa ta èyí tó ń rìn nìkan) torí ibẹ̀ ló ti ń ta jìnnà jù, bó sì ṣe wà nìyẹn látìgbà tí mo ti wà ní TH9. Lídà clan (ẹgbẹ́) wa wá ní kí n yí gbogbo ẹ̀ sókè kíá. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ báyìí? Tí mo bá yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè, ta ló fẹ́ máa ta Golem àti Hog àti àwọn Bowler tó ń fẹsẹ̀ rìn? Inferno náà, multi ni mo fi méjèèjì sí torí mo rí i pé ó ń yọ iná márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, márùn-ún ṣáà ju ẹyọ kan lọ, àbí báwo?

Balógun_Clan

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ìwọ nìkan kọ́, ìyà yẹn ti jẹ gbogbo wa rí.

Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé X-Bow tá a bá yí sókè ò fi ilẹ̀ sílẹ̀ o. Èyí tó ń fò, èyí tó ń rìn, gbogbo ẹ̀ ló máa ta. Ibi tó máa dé nìkan ló máa dín kù: tó bá wà ní ilẹ̀, ọfà ẹ̀ ń dé táìlì 14, tó o bá yí i sókè á wálẹ̀ sí 11.5. Ọfà kan náà ni, agbára kan náà ni. Ṣùgbọ́n tó bá wà ní ilẹ̀, bí ọgọ́rùn-ún dírágónì bá fò kọjá lórí ẹ̀, wíwò ló máa máa wò wọ́n. Ìyẹn ni pé gbogbo òru tí wọ́n fi wá bá ẹ yẹn, X-Bow mẹ́ta tó o fi ọjọ́ bí ọjọ́ kọ́, kò sí ìkankan tó ta ọfà kan péré. Air Defense mẹ́rin (tó ń ta ohun tó ń fò), Archer Tower, Wizard Tower, Tesla àti Inferno ló ń jà fún ẹ, X-Bow ń wòran.

Níbi tí ẹ̀gbọ́n ẹ ti jàre díẹ̀, ilẹ̀ tá a ń kọ́lé sí yìí jẹ́ 44 sí 44, torí náà tí X-Bow ẹ bá wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́bàá ògiri ìta, tó o wá yí i sókè, apá ibòmíràn ò ní rí ọfà ẹ̀ rárá. Sún wọn wá sí àárín kó o tó yí wọn. Tèmi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yí Town Hall ká bí àdògán, gbogbo ẹ̀ ló sì wà lókè.

Kò sí owó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ tó o bá yí i o, yí i lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́ tó bá wù ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń gbádùn, àwa elixir la fi ń rọ ọfà sínú ẹ̀ láyé ọjọ́sí, Inferno sì ń mu elixir dúdú bí ẹni mu ọtí, 2020 ni wọ́n tó yọ ìyẹn kúrò.

Ìyá_Dragon

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo máa ń wá jẹ yín sọ̀rọ̀ díẹ̀ hahaha.

Láti TH7 ni mo ti ń gbé dírágónì kiri, mi ò mọ Hog lò títí di òní. Tí mo bá débi bésì (ìlú) èèyàn, kí n tó ju ẹnì kankan sílẹ̀, X-Bow ni mo máa kọ́kọ́ wò. Tí mo bá rí i tó sùn gbalaja, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ló wà, inú mi á dùn. Tó bá gbé ẹnu sókè, ó ń retí mi nìyẹn, mo lè fo ẹni náà kí n wá ẹlòmíì lọ. Lẹ́yìn náà màá wá fi Lightning (oògùn mànàmáná) pa Air Defense méjì kí dírágónì tó wọlé, ẹ sì wá ronú ẹ̀, tí méjì bá ti lọ ńnú mẹ́rin tí X-Bow sì ń sùn, kí ló wá kù tó fẹ́ dá mi dúró?

Kékeré_Awo, o ò sọ̀rọ̀ Air Sweeper rárá, ó sì dá mi lójú pé bó o ṣe gbé e kalẹ̀ lọ́jọ́ tó o kọ́ ọ ló ṣe wà. Àwọn èèyàn ò mọ̀ pé ó ṣeé yí! Kì í dá yí ara ẹ̀ o. Ó dà bíi fáànù tí ọrùn ẹ̀ ti há, ibi tó kọjú sí nìkan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ìdá kan ńnú mẹ́ta òbìrípo ni, ẹ̀yìn ẹ̀ ò rí nǹkan kan. Kò lè pa dírágónì, dídá ló máa ń dá wa padà sẹ́yìn kí Air Defense rí àyè ta wá dáadáa. Bésì tí méjèèjì bá kọjú sí apá kan náà, ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà wọlé wẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ Inferno, o fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Multi fún dírágónì dà bí ẹni ń fi àbẹ́là yan itan màlúù. Iná márùn-ún lóòótọ́ ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ ò gbóná, àwọn wẹ́wẹ́ ló wà fún, egungun Witch, àdán, Hog tó bá pọ̀. Single, iná ẹyọ kan, ni èmi ń bẹ̀rù. Tó bá ti mú dírágónì kan, níbẹ̀rẹ̀ á dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan, ó máa wá gbóná sí i gbóná sí i, kó o tó ṣẹ́jú ó ti di eérú. Àyàfi tí mo bá fi Freeze (oògùn yìnyín) dì í, ìyẹn á jẹ́ kó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi máa ń gbé Freeze méjì dání fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Yí ọ̀kan sí single, fi ìkejì sílẹ̀ ní multi.

Jẹ́jẹ́_Layé

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ bíi pé dírágónì nìkan ló wà láyé. Nínú war (ogun láàárín clan méjì) tiwa, ẹni tó bá mọ nǹkan tó ń ṣe, Queen ló máa gbé wá, Healer (tó ń wò ó sàn) mẹ́rin márùn-ún á tẹ̀ lé e, á rọra jẹ ẹ̀gbẹ́ kan bésì, ẹ̀yìn ìyẹn Hog á wá fo ògiri wọlé. Táìlì 14 yẹn ló máa ń kọ́kọ́ ká Queen mọ́ láti òkèèrè, tó o bá gé e sí 11.5 o fún un láyè nìyẹn. Èmi o, X-Bow kan lókè, méjì nílẹ̀, Inferno méjèèjì single torí Queen náà kì í pẹ́ níwájú ẹ̀. Skeleton Trap (pańpẹ́ tó ń tú egungun jáde), kí gbogbo ẹ̀ wà nílẹ̀ kí egungun dá Queen dúró, bó bá sì jẹ́ ilé tí wọ́n ń fi Balloon wọ̀ ni kó o fi sókè, Balloon ò lè jà pẹ̀lú ohun tó ń fò, egungun á kàn máa gún un ni.

Ìyá_Dragon

@Jẹ́jẹ́_Layé mo gbà fún ẹ tó bá jẹ́ war, ṣùgbọ́n ọmọ yìí lóun ń sùn ni wọ́n ń wọlé òun, ta ló ń gbé Queen àti Healer wá jalè gold lóru? Dírágónì la máa ń kó wá, ó rọrùn, mo lè fi ọwọ́ kan ju gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí n máa fi ìkejì ro ọbẹ̀.

Balógun_Clan

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, torí bésì ilé ọ̀tọ̀, bésì war ọ̀tọ̀, layout kọ̀ọ̀kan ló ní sẹ́tìn tiẹ̀. Kékeré, ṣí defense log (àkọsílẹ̀ àwọn tó wá jà ẹ́) kó o wo replay (fídíò ìjà) mẹ́wàá tó kẹ́yìn, má wo gold tí wọ́n kó, ohun tí wọ́n kó wá àti ibi tí wọ́n gbà wọlé ni kó o wò.

Kékeré_Awo

Ẹ ṣé gan-an ni o, ọjọ́ márùn-ún rèé. Mo wo replay mẹ́wàá, dírágónì mẹ́jọ, ọ̀kan Hog, ọ̀kan tiẹ̀ wá fi Giant àti Wizard jà ó sì kúrò lọ́wọ́ òfo, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìyẹn wáyé. Mo sún X-Bow sí àárín, mo yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè, Inferno ọ̀kan single ọ̀kan multi, Sweeper méjèèjì lóòótọ́ wọ́n kọjú sí apá kan náà, ojú tì mí, mo yí ọ̀kan padà. Látìgbà yẹn dírágónì ti wá lẹ́ẹ̀mẹta, ìràwọ̀ kan, ìràwọ̀ kan, ẹni kẹta gba méjì ṣùgbọ́n ó làágùn. Ẹnì kan fi Hog gbà mí pátápátá, mo fara mọ́ ọn.

Ibi tí mo ti wá ya òmùgọ̀ ni pé bésì ilé nìkan ni mo tún ṣe. War bẹ̀rẹ̀ lánàá, mo fi ọkàn balẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ńlá ńnú chat, ọjọ́ ìjà ti pé kí n tó rántí pé bésì war mi ṣì wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, X-Bow mẹ́ta gbalaja nílẹ̀, ó sì ti tì, kò ṣeé yí mọ́. Dírágónì ni wọ́n gbé wá o. Lídà wa ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Ìyá_Dragon

Hahahaha ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ni wọ́n ń pe clan tẹ́ ẹ bá jà yẹn? Torí èmi náà jà lánàá, bésì kan sì wà tí X-Bow ẹ̀ ń sùn.

Kékeré_Awo

Mi ò sọ.